Ọ̀gá Gbọọrọ Tó Ń Fọ Orúkọ Olórúkọ Mọ́

Wọ́n ń pe àbúrò mi ọkùnrin ní Ọ̀gá Gbọọrọ, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i, kò mọ̀ pé wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Orúkọ òkú ló ń fín sára òkúta ibojì. Tó bá ti parí ọ̀kan, á gbé rúlà lé e, á fà sẹ́yìn díẹ̀, á ní, "Ó tọ́ gbọọrọ." Bóyá orúkọ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló fín tàbí ti ẹlòmíì, ìyẹn ò kàn án.

Àwa méjèèjì la jogún ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ bàbá wa. Èmi máa ń wà lẹ́yìn nídìí bókẹ́ẹ̀tì omi, mo ń fi sáńdípépà bó òkúta títí á fi máa dán. Òun ló ń wà níwájú, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Kí ni èèyàn ń fi táì ṣe nídìí òkúta? Tó bá fi máa di ọ̀sán, eruku á ti bo ọ̀gá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á wá rí bí ẹni tí wọ́n yọ nínú àpò ìyẹ̀fun, táì á ṣì wà lọ́rùn.

Ó gbé oríṣiríṣi álífábẹ́ẹ̀tì kọ́ ara ògiri: ti àwọn tó ń kọ̀wé láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì, ti àwọn tí lẹ́tà wọn ń tò láti òkè wá sísàlẹ̀. Kò lè ka ẹyọ kan níbẹ̀. Àdàkọ ló mọ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú àdàkọ téèyàn bá lè bi olórúkọ léèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ò sí nínú iṣẹ́ Ọ̀gá Gbọọrọ. Ó ní ọ̀gá tó bá ń bi oníbàárà léèrè ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ iṣẹ́.

Ti èdè tiwa gan-an ló ń bí mi nínú jù. Kì í fi àmì sórí lẹ́tà, kì í fi sábẹ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ eṣinṣin ló ń pè é, ó ní ó ń ba ìlà jẹ́. Bó ṣe fín ti bàbá wa náà nìyẹn. Ẹ ka òkúta yẹn bó ṣe wà, bàbá ẹlòmíì lẹ máa pè. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwa tá a mọ̀ wọ́n ṣáà mọ̀ wọ́n." Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ mọ nìyẹn.

Ọkọ aránṣọ òdìkejì títì wá kú. Àjèjì ni tọkọtaya náà, lẹ́tà ìlú wọn sì yàtọ̀ sí tiwa. Kí àṣìṣe má bàa wọ̀ ọ́, obìnrin náà fi òwú dúdú kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sára aṣọ funfun.

"Bó ṣe wà yìí gẹ́lẹ́ ni o, ọ̀gá," ló wí. "Ìyá rẹ̀ ò lè wá síbi ìsìnkú. Wọ́n ń bọ̀ báyìí, lẹ́tà yìí nìkan ni wọ́n sì lè kà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ò ju kí wọ́n fọwọ́ kan orúkọ ọmọ wọn."

Nígbà tí òkúta dé ọ̀dọ̀ mi, mo rí i pé àwọn àmì wínníwínní tó wà lára aṣọ ò sí níbẹ̀. Mo bi àbúrò mi.

"Kókó òwú ni," ó ní. "Obìnrin yẹn ò mọ òwú gé mọ́lẹ̀. Mo ti bá a tún un ṣe."

"Aránṣọ lo ní kò mọ òwú gé? Sọdá títì, kí o bi í."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bó òkúta yín."

Mo sọdá fúnra mi. Ilẹ̀kùn aránṣọ wà ní títì, wọ́n ní ó ti lọ pàdé ìyá ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé itẹ́ òkú, a ti ri òkúta mọ́lẹ̀. Ìyá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á, ó mi orí, ó sì kúrò níbẹ̀. Ó lọ síbi òkúta kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó lọ síbi òmíì. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń sunkún tẹ̀lé e. Mo bi í pé kí ni ìyá ń wá.

"Wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀un. Wọ́n ń wá tiwọn."

Ẹ wá wo àbúrò mi. Ó yọ rúlà lápò. Ó ní, "Ẹ sọ fún ìyá pé ó tọ́ gbọọrọ." Ojú tì mí pé ọmú kan náà la jọ mu.

Mo gba irin ìfínlẹ́tà àti òòlù nínú àpò rẹ̀, mo kó wọn fún ìyá náà, mo sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà síbi òkúta. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ó kúnlẹ̀, ó sì ń lu àwọn àmì náà síbi tó yẹ kí wọ́n wà. Wọ́n wọ́, wọn ò sì dọ́gba.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́."

"Panu mọ́."

Ìyá náà fẹ́ eruku kúrò. Ó fi ìka tọ orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá pè é sókè. Àṣé bó ṣe ń jẹ́ nìyẹn. Látìgbà tí iṣẹ́ ti wọlé, "òkú aránṣọ" là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá náà kó irin àti òòlù padà fún mi. Ọ̀gá Gbọọrọ na ọwọ́, ó ní kí n kó irinṣẹ́ òun wá. Mi ò kó o fún un. Ibojì bàbá wa ò jìnnà síbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ náà ò sì tíì ní àmì.