Ohun Tí Mo Kọ sí Ìwé Ìran

Ọdún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí mo padà sí ilé wa ní Ìkòtún láìrí iṣẹ́, ni wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìran ní ìjọ wa. Ìjọ aláṣọ funfun ni. Ilé ìjọsìn wa kò ju gbọ̀ngàn onípákó kan lọ, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìgàndó, níbi tí erùpẹ̀ pupa ti máa ń kun etí aṣọ àdúrà wa kí a tó wọlé.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kò ní lóye ohun tí mo ṣe. Bí ẹ̀mí bá ti gbé Wòlíì wa, ọ̀rọ̀ a máa yára jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, orin àti agogo a sì bò ó mọ́lẹ̀. Bí ó bá dìde tán, kì í rántí ohunkóhun. Nítorí náà ẹnì kan ní láti kúnlẹ̀ tì í, kí ó gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀, kí ó sì máa kọ ọ́. Mo máa ń fi bébà kábọ́ọ̀nù, tó ń tẹ ohun tí mo bá kọ sí ewé kejì, sáàárín ewé méjì nínú ìwé ńlá kan. Ewé òkè ni mo ń ya fún ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún. Ewé ìsàlẹ̀ a kù sínú ìwé. Wòlíì fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé kà. Káfíńtà ni, ó ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Egan, kì í sì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ìran. Bí ó bá jẹ́ pé olè ni, ọkàn mi ì bá ti balẹ̀ kíákíá.

Nínú ilé tí a háyà yàrá sí, ayálégbé kan tó ń rán bàtà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá ti gbé ìwé náà sábẹ́ abíyá.

"Bùrọ́dà Akọ̀wé! Ẹ bá mi bi Ọlọ́run wò jàre, ta ló ń gbé ọṣẹ mi nílé ìwẹ̀?"

"Ẹ lọ bi í fúnra yín."

"Èmi ò ní dìgírì, kò ní dá mi lóhùn."

Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Nígbà yẹn mo gbàgbọ́. N kò gbàgbọ́ bí ẹni tí wọ́n kàn bí sínú ìjọ o. Tọkàntọkàn ni, débi pé bí bírò mi kò bá kọ mọ́ láàárín ìran, n ó máa ronú ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀.

Ìwé àwọn ọdún tó kọjá ló dà mí láàmú. Wọ́n kó wọn sínú àpótí kan lẹ́yìn pẹpẹ. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò dá mi dúró sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Mo fẹ́ rí àwọn ìran tó ti ṣẹ, kí ìgbàgbọ́ mi lè lágbára sí i. Ohun tí mo rí ni obìnrin pupa. "Kí ìránṣẹ́bìnrin mi ṣọ́ra fún obìnrin pupa kan tí wọ́n jọ ń fa omi nínú kànga kan náà." Mo ṣí ewé, mo tún bá a pàdé. Mo ṣí òmíràn, ó tún wà níbẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, obìnrin mẹ́tàlá ni wọ́n ti sọ fún pé obìnrin pupa kan lẹ́bàá kànga ni ọ̀tá wọn. Inú kànga ni gbogbo àdúgbò wa ti ń fa omi. Ta ni kò ní aládùúgbò pupa?

Mo wá rántí obìnrin pupa kan tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwa nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé gíga. Màámi kọ̀wé sí mi nígbà náà pé ó ti kó lọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń kí i mọ́ nínú ilé. Mo wá orúkọ màmá mi nínú ìwé ìran, mo sì rí i. Òun ni ẹni keje.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ gbogbo ènìyàn. Mo kíyè sí ìyàwó Wòlíì, tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, tó ń kí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé. "Ẹ káàbọ̀ o. Ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́? Ọkọ yín ti dé láti ìrìn àjò, àbí?" Ọ̀yàyà lásán ni mo ti kà á sí tẹ́lẹ̀. Ní Ọjọ́rú kan, mo pa irọ́ fún un. Mo ní lẹ́tà kan dé láti Kàdúná, pé ilé iṣẹ́ kan ń pè mí. Kò sí lẹ́tà kankan. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọlọ́run ò ní dójú tì ẹ́, ọmọ mi," omijé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ojú tì mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀mí gbé Wòlíì. Mo kúnlẹ̀, mo gbé etí sí i. "Ọmọkùnrin tó ń kọ̀wé yìí," ó ní, "mo rí ìwé kan tó ń ti òkè Ọya bọ̀ wá bá a. Kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀tá má bàa já a gbà." Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi kọ ọ́.

Ẹ lè rò pé inú mi dùn pé mo ká wọn mọ́. Inú mi kò dùn rárá. Ẹ̀rù ló bà mí, n ó sì gbìyànjú láti sọ irú ẹ̀rù tó jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rù pé Ọlọ́run yóò bínú sí mi. Ìyẹn ì bá sàn, nítorí ẹni tó ń bínú wà níbì kan. Ẹ̀rù tèmi ni pé bóyá kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ rí. Pé ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láti kékeré, lórí ẹní, nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, nígbà tí bàbá mi ń ṣàìsàn, èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ara mi. Mo tilẹ̀ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Mo mọ̀ pé orí irọ́ mi ni mo ń gbààwẹ̀ lé, síbẹ̀ n kò lè jẹun. Bóyá Wòlíì kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá sí òun lẹ́nu. Bóyá ìyàwó rẹ̀ kàn ń sọ fún un, bí tọkọtaya ṣe ń sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, tí òun gbàgbé, tó sì ń jáde bó bá yá. Mo fura sí i, mo fura sí ìyàwó rẹ̀, mo sì fura sí èmi tí mo ń fura. Ní ọjọ́ Àìkú kan mo lọ jókòó sẹ́yìn ní ìjọ ńlá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wàásù, bóyá ara mi á balẹ̀. Bí oníwàásù ṣe ní Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹni tó bá a jẹun àárọ̀.

Bí mo ṣe wà nìyí nígbà tí Màámi pè mí sí yàrá ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, tó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Kókó kan wà ní ọmú mi òsì," ó ní. Kò wo ojú mi.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́rin."

"Oṣù mẹ́rin! Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù lọ́la."

"Ọsibítù wo? Kí wọ́n lọ gé e? Mo ń dúró de ohun tí Olúwa máa sọ. Ọjọ́rú ò kúkú jìnnà. Ìwọ náà lo sì máa kọ ọ́."

Ó fi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn tù mí nínú. Mo fẹ́ sọ fún un nípa obìnrin pupa àti lẹ́tà Kàdúná, ṣùgbọ́n mo pa á mọ́ra. Ìjọ yẹn ló gbé e ró nígbà tí bàbá mi kú. Mo rò pé bí mo bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni n ó fi rọ́pò rẹ̀?

Nígbà tí Ọjọ́rú dé, mo rí Màámi àti ìyàwó Wòlíì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ìsìn bẹ̀rẹ̀, Màámi jókòó sáàárín àwọn obìnrin, ó di ojú, ó ń kọrin. Ẹ̀mí gbé Wòlíì. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn méjì kan, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá akọ̀wé. Kí ọ̀bẹ má ṣe kan ara ìránṣẹ́bìnrin mi. Omi àdúrà, ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ohun tó le yóò rọ̀."

Agogo ń dún, àtẹ́wọ́ ń ró. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Mo kọ ọ́ báyìí: "Kí ìránṣẹ́bìnrin mi lọ bá àwọn dókítà láìfi falẹ̀. Èmi yóò wà ní ọwọ́ wọn. Kí ó má bẹ̀rù ọ̀bẹ." Mo tẹ bírò náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó lè hàn ní ewé ìsàlẹ̀.

Mo retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi. Òtítọ́ ni mo ń sọ fún yín: mo dúró kí ọwọ́ mi rọ, kí n ṣubú, kí Wòlíì yíjú kó pariwo mọ́ mi. Àbẹ́là ń jó bó ṣe ń jó tẹ́lẹ̀. Wòlíì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù lọ láyé mi nìyẹn, pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Màámi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀, ìka rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Kí n má bẹ̀rù ọ̀bẹ," ó ní. Ó mí kanlẹ̀. "Ó mọ̀ pé ọ̀bẹ ló ń bà mí lẹ́rù." Ní ọjọ́ kejì a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù ìjọba. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó tún padà wá, wọ́n sì yọ kókó náà kí oṣù tó parí. Dókítà ní ó dára tí a kò dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó jáde ní ọjọ́ Àìkú láti jẹ́rìí. Ó fa ìwé náà yọ láàárín Bíbélì rẹ̀, ó kà á sókè. "Èmi yóò wà ní ọwọ́ wọn." Gbogbo ìjọ hó Halelúyà. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń hó lé lórí. Mo wo Wòlíì. Òun kò hó. Ó ń wò mí.

Lẹ́yìn ìsìn ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, níbi tó to àwọn pákó kan sí.

"Akọ̀wé."

"Bàbá."

"Ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ń fi àtàǹpàkò ra etí pákó kan, bí ẹni ń wò ó bóyá ó ti dán. "Èmi kì í rántí. O mọ̀ pé n kì í rántí. Ìwọ nìkan lo máa ń gbọ́ ọ. Ohun tó o bá ní mo sọ, òun náà ni mo sọ."

Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó ń bẹ̀ mí ni, tàbí ó ń kìlọ̀ fún mi. Mo rò pé bóyá òun náà ti ń fura láti ọjọ́ pípẹ́, kì í ṣe sí mi nìkan, sí ara rẹ̀ pẹ̀lú. Mo gbé ìwé ìran náà fún un ní ọjọ́ náà, mo ní mo ń wá iṣẹ́ káàkiri, pé n kò ní ráyè mọ́. Ó gbà á láìbéèrè nǹkan kan.

Mo lè dákẹ́ síbẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n dákẹ́ ni ọpẹ́ Màámi. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, lórí ẹní, kí ó tó dá orin àdúrà, yóò kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn sọ bí ẹni ń ka Sáàmù. Ó ń ṣe mí bíi pé mo jókòó sórí àga tí kì í ṣe tèmi, tí ó sì ń kúnlẹ̀ níwájú mi láìmọ̀. N kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ n kò lè gbà kí ó máa fi ọpẹ́ rẹ̀ fún mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́.

"Màámi, Wòlíì kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́."

Ó rò pé àwàdà ni. "Ìwọ náà kúkú lo kọ ọ́. Ta ni ì bá tún kọ ọ́?"

"Rárá, mà. Ó ní kí ọ̀bẹ má kàn yín. Ó ní omi àdúrà. Mo yí i padà."

Rédíò ayálégbé kan ń ka ìròyìn lẹ́yìn ògiri.

"Ṣé ẹ̀mí ló ní kó o yí i?"

Mo rí i pé ó ń wá ọ̀nà àbáyọ fún àwa méjèèjì. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ parí.

"Rárá, mà. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé ẹ máa kú."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

"Nígbà tí wọ́n fún mi lóògùn oorun," ó ní, "mo ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ó wà ní ọwọ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ títí mo fi sùn nìyẹn. Ta ló wá wà níbẹ̀?"



Ó yẹ kó dá orin. Òun ló máa ń dá a láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Kò dá a. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Mo mọ ibi tó wà, nítorí èmi náà ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo sì mọ bí ó ṣe dá páropáro tó. Èmi ni mo fà á dé ibẹ̀. N kò lè fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, nítorí náà mo dá orin. Lẹ́yìn orin mo gba àdúrà tí mo ti mọ̀ láti kékeré: mo dúpẹ́ pé a jí, mo bẹ̀bẹ̀ fún ìjáde wa, mo bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. N kò mọ ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wà níbẹ̀, mo fẹ́ ẹ gan-an, n kò sì lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmín rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí mo la ojú, mo rí i pé òun kò di tirẹ̀. Ó ti ń wo ẹnu mi láti ìbẹ̀rẹ̀.