Ọjọ́ Tí Àwọn Àgbà Okpoko Tú Àṣírí Ara Wọn

Bí òjò bá ti ń ṣú ní Okpoko, lẹ́bàá Onitsha, òórùn kan máa ń dìde tí mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn: ẹrẹ̀ gbígbóná, èéfín igi, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń se ọkpa tó jọ mọ́ínmọ́ín, pẹ̀lú atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ wá láti ojú Odò Ọya. Ojúlé ìyá mi ni òórùn náà ti ń lágbára jù, nítorí obìnrin Igbo tó ń se ọkpa tà ni aládùúgbò rẹ̀, yàrá wọn sì kọjú síra. Bí mo bá ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, màá kọ́kọ́ dúró díẹ̀ kí n tó wọlé, kí ariwo ọjà lè kúrò létí mi. Títí dòní, bí ojú ọjọ́ bá ṣú nígbà tí mo wà ní ìsọ̀ aṣọ mi ní Main Market, ó máa ń ṣe mí bíi pé àwọn méjèèjì ṣì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń fi èdè Igbo bú ara wọn tìfẹ́tìfẹ́.

Aṣọ ló gbé ìyá mi wá sí Onitsha, aṣọ ló sì ń tà títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un, tó wá fa ìsọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa bá mi gbé ní Nkpor, níbi tí omi òjò kì í ti wọ yàrá báni. Ó ní ta ni òun máa máa bá jà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọlọ́kpa ni kò fẹ́ fi sílẹ̀, mo bá fi í lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì máa ń lọ gba oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí wọ́n bá ń lọ, ẹ ó rò pé òde ni wọ́n ń lọ, àtíkè lójú, gèlè lórí, ẹnu wọn kì í sì dákẹ́ lọ́nà.

Ó ṣẹlẹ̀ pé wọ́n kó ibi ìgboògùn ilé ìwòsàn náà lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tó ni àìsàn ni kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gba oògùn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ kan ń gba oògùn òbí wọn, wọ́n ń tà á. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn náà ga, kò ní ibi ìdìmú, bí èèyàn bá sì gòkè tán, orí ìdúró ló máa wà títí wọ́n á fi pè é. Èmi ò mọ ìkankan nínú èyí. Bí mo bá bi ìyá mi léèrè oògùn, á ní, “A dúpẹ́. Wọ́n ní ó tán, wọ́n ní ká padà wá.” Mo ń bú ìjọba nínú ọkàn mi, mo sì ń bá ọjà mi lọ.

Ọjọ́ tí òòyì kọ́ ìyá mi, tó ṣubú lẹ́bàá gọ́tà, ni ọlọ́kpa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní oògùn ò tán rí. Ó ní bí àwọn bá dé ibẹ̀, orí sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó sí, á máa wo òkè, á sì tún gèlè rẹ̀ wé, á dìde, ó di ilé. Inú bí mi débi pé mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó wo ojú mi, ó ní, “Madam, na so the law be. Make una talk to council.”

A bá lọ bá council. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò tó wá láti ilẹ̀ Yorùbá, àgbà Mùsùlùmí kan tó ń ta súgà àti mílíìkì, ó sì bá mi lọ láìjanpata. Ohun méjì la ní kí wọ́n ṣe: kí wọ́n máa gba àwọn àgbà lálejò nísàlẹ̀, níbi tí àga wà, bí omi bá sì ti bo ọ̀nà Okpoko lákòókò òjò, kí nọ́ọ̀sì máa gbé oògùn tọ̀ wọ́n wá. A lọ, a bọ̀, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì títí ilẹ̀ fi ń ṣú bá wa. Níkẹyìn, ọ̀gá ọ̀dọ́ kan tó ń bójú tó ìlera níbẹ̀ sọ pé òun á wá fi etí ara òun gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ní í sọ. Mo dúpẹ́ títí. Mo wá hu ìwà òmùgọ̀ kan: mo lọ ń sọ láti ojúlé dé ojúlé pé àlejò ìjọba ń bọ̀.

Bí àlá ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ṣe rí lójú mi títí di ìsinsìnyí. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la pàdé sí. Òjò winniwinni ń rọ̀ lórí páànù, oòrùn ò sì tíì wọ̀ pátápátá, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ògì ọkà bàbà. Àwọn àgbà ń wọlé ní méjì méjì, Yorùbá àti Igbo, wọ́n rọra ń gbé ẹsẹ̀. Gbogbo wọn ló ti wọ aṣọ tí wọ́n tọ́jú sí ìsàlẹ̀ àpótí. Òórùn kánfọ̀ gba gbogbo gbọ̀ngàn. Bí wọ́n bá sì ti jókòó tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ti ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sí abẹ́ bẹ́ńṣì, kí àlejò má baà rí i. Mo rí wọn, wọ́n dùn ún wò, ìgbà yẹn ni mo rí àṣìṣe mi.

Ọ̀gá náà wọlé, ó tẹrí ba fún wọn. Ìyá mi ló wà níwájú, òun ni ọ̀gá náà sì kọ́kọ́ kí.

“Mama, how body?”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó jókòó dáadáa. “We thank God, my pikin. Body dey inside cloth.”

Ó bọ́ sọ́dọ̀ alága wa. “Alhamdulillahi,” ni èsì. Ó bọ́ sọ́dọ̀ ọlọ́kpa. “Ọ dị mma, nwa m,” ni tirẹ̀, pé dáadáa ni, ọmọ òun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ láti bẹ́ńṣì dé bẹ́ńṣì, tí kò rí ẹyọ ẹnì kan tí nǹkan ń ṣe. Àwọn kan tiẹ̀ ń béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí mi, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ó ní, “Madam, these ones strong. The people wey sick, where dem dey?”

Ẹ mọ bí àwa ṣe rí. Ta ló ń kíni pé ṣé dáadáa lẹ wà, kéèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka egungun ara rẹ̀ fún un láàárín àwùjọ? Ẹni tó kíni kò béèrè ìyẹn, ìkíni ló kí. Ẹni tí kò ju ọmọ ọmọ ẹni lọ tún ni. Mo ń ṣẹ́jú sí ìyá mi, ó gbójú kúrò. Mo rí gbogbo lílọ bíbọ̀ wa tó fẹ́ wọmi, mo sì rí ìyá mi lórí sìmẹ́ǹtì yẹn tó ń wo òkè.

Ọlọ́kpa ló là á. Ó na ọwọ́, ó fa ọ̀gá náà ní apá aṣọ. “My son, no ask am about herself. Ask me.”

Ó bá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti àtẹ̀gùn, ó sọ ti sìmẹ́ǹtì, ó sọ ti irọ́ tí ìyá mi ń pa fún mi, ó sọ ti gọ́tà. Ìyá mi fi etí gèlè bo ojú. Nígbà tó ṣí i, ó ti gbaná jẹ. Èdè Igbo ló fi dáhùn, kò sì kọsẹ̀ níbì kan. Ó ní ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí sọ fún yín pé òun fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan náà, tí àwọn ọ̀dọ́ ń rékọjá lórí òun? Ó sọ pé ojú ọlọ́kpa ń lọ, pé ògiri ló ń fọwọ́ tọ́ dé ilé ìwẹ̀. Ó sọ pé nígbà tí omi wọlé, orí ibùsùn ló wà láìsí oògùn títí omi fi fà. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó alága wa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n bi òun nípa Alhaji. Àfi bí ẹni ṣí ọ̀gbàrá sílẹ̀. Kálukú ń tú àṣírí ẹnìkejì rẹ̀, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń nu ojú, àwọn ọ̀pá sì ń jáde láti abẹ́ bẹ́ńṣì. Ọ̀gá náà fa bẹ́ńṣì kan, ó jókòó sáàárín wọn. “I dey run climb that staircase,” ló sọ, ó sì mi orí.

Kì í ṣe ọjọ́ kejì ni nǹkan yí padà. Mo tún rìn títí bàtà mi fi jẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n kó páálí kúrò ní yàrá kan nísàlẹ̀, wọ́n gbé àga sí i, wọ́n sì ya Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà. Ti omi ni wọn ò tíì ṣe délẹ̀: nọ́ọ̀sì wá lákòókò òjò kan, kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé e, a sì ń bá a fà títí di báyìí. Ní Ọjọ́bọ̀, méjì méjì ni wọ́n máa ń wọlé. Nọ́ọ̀sì náà ti gbọ́n, kì í bi ẹnì kan nípa ara rẹ̀ mọ́. Ìyá mi á ròyìn ọlọ́kpa, ọlọ́kpa á ròyìn ìyá mi, wọ́n á sì máa jà bọ̀ wálé.

Ọlọ́kpa kú nígbà ọyẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí abúlé rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo mú ìyá mi lọ. Nọ́ọ̀sì rí i pé èmi ni mo bá a wá, ó bi mí bí ara ìyá mi ṣe rí, mo ní, “We thank God.” Ohun tí mo mọ̀ kò ju a dúpẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi: àga àti yàrá ìsàlẹ̀ tí mo jà fún dára, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tún nílò ẹnì kan tó súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè ròyìn rẹ̀. Ìyá mi wo àga ọlọ́kpa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, kì í ṣe sí nọ́ọ̀sì, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: “Orúnkún ń dùn mí. Mi ò sì rí oorun sùn mọ́.” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ tó ti bí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ fún mi pé ibì kan ń dun òun.