Ọ̀rẹ́ Alága

Ọdún kejì tí mo kó wá sí Ìbẹ̀rẹ̀kò láti Èkìtì, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ni omi ẹ̀rọ dé àdúgbò wa. Alága àdúgbò ló ṣe é. Òun ló lọ bá àwọn onílé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bẹ̀ wọ́n, tó bínú sí wọn, tó tún bẹ̀ wọ́n, títí a fi gbẹ́ kànga, tí a sì gbé táńkì sókè. Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ yọ, tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló fi bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó ń jó. A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá.

Bàbá onílé mi ló pàtẹ́wọ́ jù. Òun àti alága jọ dàgbà ní Tòpò ni, wọ́n jọ kọ́ ọkọ̀ ojú omi wíwà, wọ́n sì jọ jẹ ẹgba tíṣà kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ alága láìdáa, bàbá á ní, "Ẹ fi ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ o."

Àmọ́ àgádágodo wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ọrùn alága ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Díẹ̀díẹ̀, ẹni tí kò bá kí i dáadáa á dúró pẹ́ kó tó rí omi pọn. Èmi alára, tíṣà, a máa dọ̀bálẹ̀ tòun ti garawa lọ́wọ́.

Ní ìpàdé kan, ìyá aládìn-àgbọn tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa dìde. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo la máa tún dìbò? Ẹ ti pẹ́ lórí àga yẹn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dé ẹnu ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, alága ti ẹ̀rọ pa.

"Ẹ lọ pọn omi lórí àga."

A wo ojú bàbá onílé mi. Ó wọlé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ jáde, ó wá dúró ti ìyá náà.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣí i fún wọn."

"Ṣé ẹ̀yìn wọn lo wà ni?"

"Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà, òun ni mo ṣe ń sọ fún ọ. Bí o ò bá ní fún wọn, má fún èmi náà."

"Ó dáa. Máa lọ."

Ó lọ lóòótọ́. Láràárọ̀ ló ń gun ọ̀kadà lọ sí kànga àbúrò rẹ̀ ní Ìmẹ̀kẹ, ó ń pọn omi tirẹ̀ àti ti ìyá bọ̀. Bó bá dé iwájú ilé alága, á ní kí ọlọ́kadà dúró, á ṣí fìlà, á fi èdè Ègùn wọn kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, á béèrè aya, á béèrè ọmọ, á béèrè bóyá ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún. Kò bú u rí. Nígbà tó yá, ọlọ́kadà pàápàá ń bá a kí i.

Mo di kẹ́ẹ̀gì tèmi náà mọ́ ọ̀kadà. Àwọn ará ilé kejì tẹ̀ lé wa. Kí a tó mọ̀, a ti ń tò lọ bí ẹni ń lọ gbé ìyàwó, ariwo ẹ̀rín gba títì, gbogbo wa á sì kí alága tayọ̀tayọ̀. Ó ku alága nìkan lẹ́nu ẹ̀rọ, pẹ̀lú ewúrẹ́ tó ń lá omi tó ń kán.

Láàárọ̀ Sátidé kan, bàbá fọwọ́ kan fìlà báyìí ni alága pariwo:

"Ìkíni yín yìí á pa mí o!"

"Ṣé kí n má kí ọ mọ́ ni?"

Alága fẹ́ le ojú, ojú ò le. Ẹ̀rín bú yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó rìn lọ bá ìyá aládìn-àgbọn, ó nà án sí i. "Ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" ni ìyá wí. "Àgádágodo yẹn ni kẹ́ ẹ yọ."

Kò sẹ́ni tó ronú kan ìyẹn rí nínú wa. Ọjọ́ náà la yọ ọ́.

Nígbà tí a wá dìbò, alága náà la tún yàn, ìyá ló sì kọ́kọ́ nawọ́ fún un. Mo bi bàbá onílé mi pé kí ló dé tí kò bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà.

"Bí mo bá bá a jà, ta ni yóò sọ òótọ́ fún un?"

Ó sì pè mí wá jẹ ẹja yíyan. Alága ti jókòó síbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fi Ègùn ránnu, wọ́n ń gbá ara wọn nítan. Èmi ò gbọ́ ọ̀kan, mo ṣáà ń jẹ ẹja.