Ndolo Tó Ń Tọ́jú Ọmú Bí Oyin

Ndolo, ìyàwó Mbula àbúrò mi, jowú ọmú ìyàwó mi. Àyà tirẹ̀ kéré. Ti Basele ìyàwó mi tóbi, omi ọmú rẹ̀ a sì máa kán sílẹ̀ nígbà tó bá ń tún àwọ̀n ìdẹ ṣe.

Nínú igbó wa, obìnrin tó ti ń tọ́mọ lọ́wọ́ ló máa ń kọ́kọ́ fún ọmọ tuntun lọ́mú, títí omi ìyá rẹ̀ yóò fi dé. Nígbà tí Ndolo bí Lembe, Basele tó ń tọ́ ọmọ wa lọ́wọ́ ló gbé e. Ọmọ náà mu, ó yó, ó sùn. Ndolo dùbúlẹ̀ lórí ewé, ó ń wò wọ́n.

Omi tirẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n bí Lembe bá ti gbọ́ ohùn Basele, a yí orí kúrò láyà ìyá rẹ̀.

Basele rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí mọ ibi tí oúnjẹ wà."

"Ẹ má pè é mọ́, ìyálé."

"Ta ló pè é? Òórùn ọmú ló ń pè é."

"Tèmi náà ní òórùn."

"Òórùn wà. Ọmú ọ̀hún ńkọ́?"

Àwọn obìnrin tó ń pa èso igbó rẹ́rìn-ín. Ndolo ò rín.

Tí àwa bá rí oyin tí kò tíì kún nínú ihò igi, a máa ń sàmì sára igi náà, a ó fi í sílẹ̀. Tí a bá padà dé, yóò ti kún. Ndolo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọmú rí. Ó ń fi Lembe sílẹ̀ fún Basele láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ó ń tọ́jú tirẹ̀ di alẹ́, kí ó lè pọ̀ ju ti Basele lọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọmú rẹ̀ wú, ó le, ó gbóná. Ó ń dùn ún, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ń kọjá níwájú Basele láìnídìí. Nígbà tó yá, ó rọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Lembe fà á lálẹ́, kò rí nǹkan mu, ó ń ké. Mbula gbé e, ó fi orí ọmú tirẹ̀ tó gbẹ sí i lẹ́nu, bí àwa bàbá ti máa ń ṣe. Ọmọ dákẹ́.

"Ti bàbá ẹ pàápàá sàn ju tèmi lọ," Ndolo wí. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Etoko ìyá wa bi í pé, "Kí ló dé tí o kì í fún ọmọ lọ́mú lọ́sàn-án?"

"Mò ń jẹ́ kó kún ni, Ìyá."

A ti pa abo ẹtu kan tó ń fún ọmọ lọ́mú. Etoko la ọmú ẹran náà sí méjì, ó pè é.

"Wò ó. Ṣé o rí ihò kan tí omi gbára jọ sí?"

"Rárá, Ìyá. Ẹran ni, àti ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́."

"Wọ́n ya bí ẹ̀ka igi. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ṣe omi, ọ̀nà wọ̀nyí ló ń gbé e wá sí orí ọmú. Èyí tó kù, ọ̀rá ni. Ọ̀rá ló ń mú ọmú tóbi. Ọ̀rá kì í ṣe omi."

"Ti ìyálé wá ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ ń fa tirẹ̀, ìdí nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá fà ló ń ṣe òmíràn. Èyí tí wọn ò bá fà máa ń rò pé ọmọ ti kú."

Ndolo dìde, ó lọ gba Lembe lórí itan Basele, kò sì dá a padà. Ọmọ ń ké, ó ń fi í sọ́mú, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún.

"Ebi ń pa á," Basele wí.

"Tèmi ni yóò fà."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọmú Basele ti le bí òkúta. Ọmọ méjì ló ti ń ṣe omi fún, tiwa nìkan ò lè mu ún tán. Kò lè sọ apá sílẹ̀.

"Ndolo, jọ̀wọ́. Gbé Lembe wá."

"Ó ti sùn."

Ojú Lembe là sílẹ̀ kedere. Basele ń fún omi sórí ilẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ndolo jókòó, ó ń wò ó. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan ọmú ara rẹ̀, níbi tó ti dùn ún rí.

Ó kọ́kọ́ fi Lembe sí ọmú tirẹ̀, ó jẹ́ kó fà á tán. Ìgbà náà ló tó gbé e wá fún Basele.

"Kó fà á títí yóò fi rọ̀. Ẹ má ṣe bá a sọ̀rọ̀."

"Kí n má bá ọmọ sọ̀rọ̀?"

"Kó má gbọ́ ohùn yín."

Basele dákẹ́. Ndolo dúró lé wọn lórí, ó na ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọmú náà ti rọ̀, ó gba ọmọ rẹ̀.

Kí oṣù tó kú, mo ń gbọ́ bí Lembe ti ń gbé omi mì láti inú ahéré mi. Ẹnu ọ̀nà ni Ndolo ti ń fún un lọ́mú.

Ó tún bí ọmọ mẹ́ta sí i. Bó bá ti ń rọbí, yóò ránṣẹ́ sí àgọ́ kejì pé kí wọ́n wá obìnrin tó ń tọ́mọ, kó wá kọ́kọ́ fún ọmọ náà lọ́mú. Basele wà nítòsí o, ọmú rẹ̀ kún.