Obì tí Yèyé Fi Rán Mi sí Ahoro

Òórùn iṣu sísun ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá mi ti dá iná, ó ń fi ọ̀bẹ ha eérú ara iṣu dànù, epo pupa àti iyọ̀ wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Adó nígbà náà, ẹ ó rántí pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ìrìn afẹ́ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Bí kò bá ṣe oko, a jẹ́ pé omi la fẹ́ lọ pọn. Ìgbà tí Tíṣà wa wá sọ pé òun yóò kó wa lọ wo ahoro ìlú àtijọ́ kan lórí òkè lẹ́yìn Ìyìn, àti pé ibú omi kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí a ó ti lúwẹ̀ẹ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi sùn dáadáa. Torí omi yẹn ni mo ṣe ń lọ o. Ta ló fẹ́ wo ahoro?

Yèyé ló fẹ́. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Inú ìlú tó di ahoro yẹn ni wọ́n bí i sí, kí ogun tó tán tí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè gun òkè mọ́. Bí mo ṣe fẹ́ jáde, ó fà mí lápá, ó so obì kan mọ́ etí ìró mi.

"Ilé Ajíbádé ni ilé bàbá mi," ó ní. "Bí o bá débẹ̀, wàá rí ọlọ kan. Ẹ̀gbẹ́ ọlọ yẹn la sin ìyá mi sí. Gbé obì yìí síbẹ̀, kí o bá mi kí i. Sọ fún un pé mo wà láàyè, ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí n wá. Má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́."

Bàbá mi ló ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Yèyé tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo pòṣé. Èmi, mo pòṣé sí Yèyé!

A gba iwájú Ọjà Ọba, a kọjú sí ọ̀nà Ìyìn. Nígbà tí a fi máa dé ìsàlẹ̀ òkè, oòrùn ti mú ganrínganrín. Ibẹ̀ la ti bá Bàbá Àjàyí, ọdẹ arúgbó kan tí Tíṣà bẹ̀ pé kó mú wa yí ká. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ Bàbá Àjàyí! Mi ò rí ẹni tó lọ́rọ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí. Lójú tèmi, ahoro náà kò ju ògiri tó wó, ìkòkò fífọ́ àti igbó lọ. Àwọn tó kó kúrò níbẹ̀ ti ru gbogbo ẹrù wọn, àfi ọlọ tó wúwo jù. Torí náà, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti wà rí, ọlọ rẹ̀ ló kù. Gbogbo ọlọ tí a bá sì kàn ni Bàbá Àjàyí ń dúró tì. Á jókòó, á fín áṣáà símú, á nu imú, á wá bẹ̀rẹ̀: "Ulé báyìí-báyìí nìyí." Á sọ ẹni tó kọ́ ilé náà, àwọn ìyàwó tó fẹ́, èyí tí ejò bù jẹ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ àti èyí tó bá àbúrò rẹ̀ jà nítorí ewúrẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́, á ní wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Tíṣà á wá máa mirí: "Ẹ máa bá a lọ, Bàbá." Bẹ́ẹ̀ ó ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan omi títí Bàbá yóò fi parí.

A sì ń gbọ́ omi náà o! Ó ń ró nísàlẹ̀ àpáta, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn wa, iṣu ti gbẹ mọ́ wa lọ́fun. Ní ọlọ kẹrin, sùúrù mi tán. Wúrà ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú sí mi. A dọ́gbọ́n fà sẹ́yìn, a lúgọ sẹ́yìn igi, a sì sáré sọ̀ kalẹ̀.

Háà, omi yẹn! Àpáta yí i ká bí ìkòkò ńlá, ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń rí ìka ẹsẹ̀ mi nísàlẹ̀. Mo bọ́ bùbá, mo bẹ́ sínú rẹ̀ tìrótìró. Ara mi wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn Bàbá Àjàyí ṣì ń bọ̀ lókè, afẹ́fẹ́ ń gbé e wá. Inú omi yẹn ni mo wà tí mo fi gbọ́ ọ kedere: "Ulé Ajíbádé nìyí."

Mo gbọ́ ọ. Mi ò ní purọ́ fún yín lọ́jọ́ ogbó mi. Mo ní màá lọ tó bá yá, mo sì ri orí bọ omi kí n má baà gbọ́ ìyókù.

Kò yá mọ́. Nígbà tí àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀ wá lúwẹ̀ẹ́ tiwọn tán, Tíṣà na èmi àti Wúrà lẹ́gba mẹ́fà mẹ́fà, ó ní ọjọ́ ti lọ, ká máa relé. A ti kọjá Ìyìn kí ọwọ́ mi tó kan obì náà létí ìró mi tó tutù. Mo sọ ọ́ sígbó.

Yèyé ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kò jẹun látàárọ̀.

"Ṣé o dé ọ̀dọ̀ ìyá mi?"

"Mo débẹ̀, Yèyé."

"O gbé obì náà síbẹ̀? O kí i?"

"Mo kí wọn." Ó ti rẹ̀ mí, ẹgba ń ta mí nídìí, mo kàn fẹ́ kí ìbéèrè náà tán ni.

Yèyé dìde lórí ẹsẹ̀ wíwú yẹn, ó jó. Ó mú ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ fún mi. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà pé bí mo ṣe jíṣẹ́ òun yìí, ọmọ tèmi náà yóò máa jíṣẹ́ mi. Ì bá sàn kó nà mí. Mo jẹ ẹran náà tán. Kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, Yèyé kú.

Mo ti dàgbà ju Yèyé ìgbà yẹn lọ báyìí. Bàbá Àjàyí ti kú, ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Wúrà, tí mo bi léèrè, ní omi nìkan lòun rántí. Àwọn tó dúró tẹ́tí sí Bàbá lọ́jọ́ náà, èyí tó kú ti kú, èyí tó kù kò rántí. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé yìí tó lè tọ́ka sí ọlọ kan pé ti ilé Ajíbádé nìyí, bẹ́ẹ̀ etí tèmi ni wọ́n sọ ọ́ sí!

Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ-ọmọ mi fi mọ́tò gbé mi dé ìsàlẹ̀ òkè náà. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ gùn ún. Mo jókòó ti ọlọ àkọ́kọ́, mo ní kí n ṣàlàyé fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì sọ gbólóhùn méjì tí wọ́n fi bọ́ bàtà, tí wọ́n ti kù gììrì lọ sínú ibú. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá wí? Ọmọ tí ọwọ́ mi ìbá tẹ̀, tí ǹ bá fà létí jáde nínú omi yẹn, èmi ọjọ́ kìíní ni, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Obì kún àpò mi. Mo ń ti ọlọ kan bọ́ sí èkejì nínú igbó, mo ń gbé obì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ohun kan náà ni mo ń sọ níbi gbogbo: "Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ìyá Yèyé, ọmọ yín ní kí n kí yín. Ó ní ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kóun wá. Èmi tó rán níṣẹ́ ni mo pẹ́."

"Màmá!" àwọn ọmọ ń pariwo látinú omi. "Kí lẹ tún ń ṣe níbẹ̀? Ṣé kò tíì tán ni?"

"Ó ku ọlọ mẹ́rin," ni mo dá wọn lóhùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú èyí tó kàn.