Orúkọ Tí A Kò Lè Fi Ránṣẹ́ sí Ojú Ogun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa ní Ajah fún yín. Títí di òní, ẹnu ṣì ń yà mí.

Ọmọ mi, Músílíù, sójà ni. Ó wà lójú ogun ní Borno. Ìyàwó ẹ̀, Mùnírátù, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dáa, wọn kì í lè pe ara wọn. Ohùn ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ sínú fóònù, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ síra wọn.

Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń sọ? Ọmọ tí kì í sọ gbólóhùn mẹ́ta tán nílé, òun ló ń fi oríkì pe ìyàwó ẹ̀ pé, "Àbẹ̀kẹ́ mi, kí lo jẹ lónìí? Tó bá jẹ́ gààrí náà ni, má tàn mí o." Mùnírátù á gba ìró òjò orí páànù wa sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí i, torí ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Èmi àti bàbá ẹ̀ kò mọ irú ẹ̀ ṣe.

Oyún Mùnírátù ti wọ oṣù keje nígbà tí ọkọ mi kú. Múfú káfíńtà àti Dáúdà onímọ́tò, àwọn aládùúgbò wa, ló bá wa gbé e dé sàréè. Mùnírátù wá kúnlẹ̀ fún mi.

"Mọ̀ọ́mì, ẹ má jẹ́ kí Músílíù gbọ́. Ẹni tí wọ́n ń yìnbọn sí, ẹkún ò gbọdọ̀ bò ó lójú. Ẹ jẹ́ kó délé ná."

A gbà, torí a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ogun. Bó bá ti béèrè bàbá ẹ̀, Mùnírátù á ní wọ́n ń sùn. Á rẹ́rìn-ín sínú fóònù, á gbé e sílẹ̀, á wá sunkún.

Ló bá bí ọkùnrin, ó sì fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí ọkọ ẹ̀.

Ṣé ẹ ti rí ibi tó ti le? Ọmọkùnrin tí a bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, Babátúndé ni. Tí a bá sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Músílíù á ti mọ̀ pé bàbá òun ti lọ.

Àlàájì Ràfíù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, fárígá. "Ẹ fẹ́ fi orúkọ àbúrò mi du ọmọ yìí nítorí fóònù?"

Mùnírátù ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí ọkọ mi tẹ̀ lé wọn lọ ni."

"Ìwọ lo wá ń sọ ọmọ ilé wa lórúkọ báyìí?"

Mo jókòó sáàárín wọn, mi ò mọ ẹni tí màá gbè lẹ́yìn: òkú mi ni, àbí ọmọ mi?

Láàárọ̀ ìsọmọlórúkọ, Àlùfáà ti jókòó nígbà tí ohùn Músílíù wọlé sórí fóònù. Mùnírátù fẹ́ gbé e wọ yàrá. Àlàájì ní kó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí gbogbo wa gbọ́ ohun tí bàbá ọmọ wí.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, o kú ewu ọmọ. Ẹ sọ ọ́ ní Babátúndé."



Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé bàbá òun ti kú. Bàbá tó máa ń já fóònù gbà láti ṣàdúrà fún òun, báwo ni wọ́n ṣe máa wá ń sùn ṣáá? Ó ní òun sunkún níbẹ̀, òun bọ́jú, òun padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Mo rí i pé o ń bá mi ru ẹrù yẹn. Mi ò jẹ́ kó o mọ̀ pé mo ti mọ̀, torí oyún inú ẹ."

Orí mi wú. Àwọn méjèèjì ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn, kí ìkejì má baà fara pa!

Ó wá ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ó ti pẹ́ tó ti wà lẹ́nu mi."

Gbogbo Ajah ló ti kí mi bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀ nìkan ni mo ń retí.

Àlàájì ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Òun ló yẹ kó pe orúkọ fún Àlùfáà, ṣùgbọ́n ó kọjú sí Mùnírátù.

"Ìyàwó wa, pè é fún wọn."

Mùnírátù pè é. Ó wá sunkún lójú gbogbo ènìyàn, mi ò sì ní kó dákẹ́.

Mo ti ń rò pé ìfẹ́ àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Mo ti wá rí i pé ẹni tó bá fẹ́ ọ dénú á mọ ohun tí o kò sọ, á sì bá ọ dákẹ́ lé e lórí.

Ẹ̀yin tí èèyàn yín wà lọ́nà jíjìn, kí lẹ ń fi pa mọ́ fún un? Ṣé ó dá yín lójú pé kò tíì mọ̀? Ẹ kọ tiyín síbí, màá kà á. Músílíù ṣì wà níbẹ̀ o. Ẹ bá mi fi í sádùúrà.