Òru Méjì Tó Kù

Òórùn rọ́bà tuntun àti gírísì ló máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ọ̀fà. Tí mo bá gbóòórùn yẹn níbikíbi lónìí, tábìlì mi ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn: kọ̀ǹpútà alágbèéká tí etí rẹ̀ ti sán, ìwé ẹlẹ́yìn líle tí mo fi rúlà pín sí òpó mẹ́rin, bírò dúdú fún ọjọ́ tó ti kọjá, bírò pupa fún èyí tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Alhaji, ló ń lọ sí Dùbáì láti ra páàtì ọ̀kadà àti ti kẹ̀kẹ́. Èmi ló ń bójú tó ìwé.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìwọ náà rántí ìgbà tó jẹ́ pé òǹtẹ̀ ni wọ́n ń lù sínú ìwé ìrìnnà, tí a lè ṣí i, kí a fi ìka tọ́ ọjọ́ tí èèyàn wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, òǹtẹ̀ ti ń tán lọ. Ẹ̀gbọ́n mi yóò dúró níwájú ilẹ̀kùn kan ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ̀rọ yóò wo ojú rẹ̀, ilẹ̀kùn yóò ṣí, ó tán. Ẹ̀rọ náà ló mọ iye ọjọ́ tó lò. Nílé níbí náà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa ti so mọ́ báńkì, báńkì ti so mọ́ owó-orí, kò sì sí akọ̀wé kankan tí èèyàn lè bẹ̀ pé kó tún un wò dáadáa.

Ohun tí a nílò lọ́dún yẹn ni ìwé-ẹ̀rí láti Dùbáì pé ará ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi lójú òfin owó-orí. Tí kò bá sí i, ẹ̀rọ tiwa níbí lè ka owó kan náà fún owó-orí lẹ́ẹ̀mejì, kó sì ti àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù pa. Kó tó lè rí i gbà, ó gbọ́dọ̀ lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀ láàárín oṣù méjìlá. Ìrìn-àjò mẹ́fà ló rìn lọ́dún náà, mo sì ń ka òru tó sùn. Òru ni mo kà, nítorí mo ti rí i nínú òfin orílẹ̀-èdè mìíràn pé ẹni tí kò bá sùn mọ́jú nínú ìlú kò tíì lo ọjọ́ kankan níbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, ó péye lójú mi, mo sì gbà pé bákan náà ló rí níbi gbogbo.

Bàbá wa, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta iṣu ní ọjà Ojoku, máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ ọjà gan-an ni wọ́n máa ń pè ní ení, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni èjì. Tó bá ti pé àrún, ọjà tún dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n bi mí pé ọjọ́ mélòó ló kù fún Alhaji. Mo sọ fún wọn.

“Ọjọ́ tó gúnlẹ̀ ńkọ́? Ṣé o kà á?”

“Ẹ̀rọ kì í kà á, Bàbá. Òru ló ń kà.”

“Ẹni tó bá dé ọjà kó tó tú ti ná ọjà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ò lè ní kò ná an.” Wọ́n yíjú sí ọkùnrin tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. “Ẹ wá wo akọ̀wé mi. Ó ń ju ọjọ́ nù bí èèpo iṣu.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì padà sídìí bírò pupa mi.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ẹ̀jẹ̀ ríru dá Bàbá dúbúlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gbé mọ́. Ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Dùbáì lọ́sàn-án. Mò ń gbọ́ tí ẹnì kan ń fi téèpù di páálí lẹ́yìn rẹ̀.

“Àbúrò, ọkọ̀ òfuurufú kan wà lálẹ́ òní. Ṣé kí n máa bọ̀?”

Ìwé mi wà níwájú mi. Òru méjìdínláàádọ́rùn-ún. Oṣù méjìlá náà yóò sì parí lọ́jọ́rú, kò sí bó ṣe lè padà lọ wá méjì kún un.

“Ó ku òru méjì, Alhaji. Ẹ sun òní, ẹ sun ọ̀la, kí ẹ wọkọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

“Bàbá ńkọ́?”

“Wọ́n ti mu ẹ̀kọ díẹ̀.”

Òótọ́ ni. Ṣíbí mẹ́ta ni. Mo kà á.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹnu ọ̀nà ni Bàbá ń wò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bi mí bóyá Alhaji ti gúnlẹ̀. Nígbà kẹrin, mo ní, “Ó ku òru kan, Bàbá.” Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n sì ká ìka kan.

Bí a ṣe ń kírun Àsùbáà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kú. O mọ bó ṣe ń rí nílé Mùsùlùmí. Òkú kì í dúró de ẹni tó wà lọ́nà. Lẹ́yìn ìrun Àìlà, a ti gbé wọn dé ibi tí a fẹ́ sin wọ́n sí. Mo na fóònù sókè kí ẹ̀gbọ́n mi lè máa wò ó láti ibi tó ti ń dúró de ọkọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ó ń padà. Mo rántí pé iyanrìn wà ní igun gíláàsì fóònù náà, pé bátìrì rẹ̀ ti pọ́n, pé apá ń ro mí. Ohun tí mo mọ̀ lára lọ́jọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dé Ọ̀fà nírọ̀lẹ́ ọjọ́rú. Ó wọ yàrá Bàbá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí a ti ká aṣọ rẹ̀ kúrò, ó jáde, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ fídáù ọjọ́ kẹjọ, mo ní ọjọ́rú ló máa bọ́ sí. Ààfáà wò mí.

“Ìṣẹ́gun ni. Ọjọ́ tí wọ́n kú ni àkọ́kọ́. Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa fò ó?”

Mo fi bírò kọ Ìṣẹ́gun sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo jókòó láti béèrè ìwé-ẹ̀rí náà. Mo ti to àádọ́rùn-ún òru mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìwé ayélujára ìjọba ibẹ̀ kò tilẹ̀ bi mí. Ó gba nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, ó rò ó díẹ̀, ó sì gbé ìdáhùn jáde fúnra rẹ̀: ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Lẹ́tà kékeré wà nísàlẹ̀ pé ọjọ́ tí èèyàn bá fẹsẹ̀ kan ìlú, ì báà ṣe wákàtí kan, odindi ọjọ́ ni. Ìrìn-àjò mẹ́fà, ọjọ́ ìgúnlẹ̀ mẹ́fà. Lọ́jọ́ Àìkú tó pè mí yẹn, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ló ti lò. Ká ní mo ní kó máa bọ̀ ni, ì bá bá Bàbá láyé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé mi, mo sì ṣàlàyé òpó kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó gbọ́ ọ délẹ̀. Ó ká bébà náà sí mẹ́rin.

“Bàbá mọ̀ ọ́n kà jù ọ́ lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji.”

“Ṣé o ti jẹun?”

Mo ní rárá.

“Lọ jẹun.”

Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí di òní. Ìwé-ẹ̀rí dé, àkáǹtì wa ò sé. Èmi ń dúró kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tí ẹsẹ̀ náà fi kú: o mọ̀ pé tìẹ ni, o fọwọ́ kàn án, kò jẹ́ ọ. N kò dá ẹ̀rọ náà lẹ́bi. Ó ka gbogbo ọjọ́, kò fo ọ̀kan. Èmi ni mo rò pé ohun tí oníṣu mọ̀ kò lè sí nínú ẹ̀rọ.

Àwọn oníṣòwò mìíràn ti ń wá bá mi báyìí. Mo máa ń ka òfin ìlú kọ̀ọ̀kan látòkè délẹ̀. Àwọn kan ń ka òru, àwọn kan ń ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣí òfin kankan, mo máa ń bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n gúnlẹ̀, mo sì ń fi bírò dúdú kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀. Tí òfin bá ní kí n má kà á, n kò ní kà á. Ṣùgbọ́n n kì í jù ú nù mọ́.